Ẹfúnṣetán Aníwúrà Kò Gbé Májèlé Jẹ

Ẹ bi ọ̀pọ̀ nínú wa bí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ṣe kú, wéré la ó dáhùn pé ó gbé májèlé jẹ nígbà tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, àti ará ìlú ká a mọ́lé. Irọ́ ni. Wọ́n pa á ni, lójú oorun, nínú yàrá rẹ̀, lóru ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1874.

Orí ìtàgé ni májèlé ti wá. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ eré náà, a kà á nílé ẹ̀kọ́, a sì tún wò ó nínú fíìmù. Òǹkọ̀wé eré lẹ́tọ̀ọ́ láti parí eré rẹ̀ bó ṣe wù ú. Àwa la sọ ọ́ di ẹ̀rí.

Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá ń gbé Ìbàdàn lọ́dún tí obìnrin yìí kú. Ohun tó kọ sílẹ̀ ni pé ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ Látòósà kà sí i lọ́rùn: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò sì wá pàdé òun lẹ́bàá odi nígbà tí òun ń bọ̀. Ẹ wo ẹ̀sùn yẹn dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹrú aboyún tí eré náà ní ó pa kò sí níbẹ̀. Ẹfúnṣetán ló ń ta ìbọn àti ẹ̀tù láwìn fún àwọn olóyè; gbèsè pọ̀ lọ́rùn wọn, ó sì ti ní òun ò tà láwìn mọ́.

Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ni wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Ó san owó ìtanràn, ó bẹ̀bẹ̀ títí, Ààrẹ kò gbà. Wọ́n wá lọ bá Kúmúyìílọ, ọmọ tó gbà tọ́, wọ́n fún un ní rìbá, òun náà sì ran ẹrú méjì níṣẹ́. Orí àjà ni àwọn yẹn gbà wọ yàrá. Òkè orí ibùsùn rẹ̀ ni ikú gbà wọlé. Wọ́n fọ́ ọ lórí.

N kò sọ pé ẹni mímọ́ ni. Ó kó ẹrú jọ lọ́pọ̀lọpọ̀, ìtàn sì pọ̀ nípa bó ṣe rorò sí wọn lẹ́yìn tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kú sórí ìkúnlẹ̀ ní 1860. Ìyà tí wọ́n jẹ kì í ṣe ohun tó yẹ ká fojú fò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni Ààrẹ torí ẹ̀ gbógun tì í.

Ó ń dùn mí nítorí bí Yorùbá àtijọ́ ṣe ń sìnkú. Inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà ọlọ́lá sí, kí àtọmọdọ́mọ lè máa rántí rẹ̀. Ẹni tó bá pa ara rẹ̀ kì í sábà rí irú iyì bẹ́ẹ̀. Tí a bá ń sọ fún àwọn ọmọ pé ó pa ara rẹ̀, a ń fi ẹ̀sùn tí kò jẹ̀bi rẹ̀ kan òkú, a sì ń bá àwọn tó pa á bo ọ̀ràn mọ́lẹ̀.

Ìlú kò tilẹ̀ dákẹ́ nígbà náà. Àwọn ìjòyè wádìí ọ̀rọ̀ náà, àṣírí Kúmúyìílọ tú, ó sì dárúkọ Ààrẹ. Nínú oṣù Keje, wọ́n pa ẹrú méjèèjì ní gbangba. Látòósà kò kúrò lórí oyè. Ó wà níbẹ̀ títí ó fi kú sí ibùdó ogun Kírìjì ní 1885.