Kíkó irú ọjà kan náà sójú kan kọ́ ni ètò nínú ilé ìkẹ́rùsí

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló gbà pé ilé ìkẹ́rùsí tó wà létò ni èyí tí gbogbo ọṣẹ wà ní igun kan, tí gbogbo bàtà wà ní òmíràn, tí ọjà kọ̀ọ̀kan sì ní àyè tirẹ̀ tí ohun mìíràn kò gbọdọ̀ gbà. Ètò yìí dùn ún wò, àmọ́ ó wà lára ohun tó ń mú kí ilé tètè kún.

Bí a bá ya àyè sọ́tọ̀ fún agboòrùn, àyè náà ní láti gba iye tó máa ń wà nílẹ̀ nígbà tí òjò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe fún fáànù tí a ń kó wọlé de ìgbà ooru. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò àyè 100 ní àsìkò tirẹ̀, àyè 200 la ti fi sílẹ̀ fún ọjà méjì tí kì í pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá ti máa ń kù sí 20 kí èkejì tó pé 100, àyè 120 ti tó wọn bí wọ́n bá jọ ń lò ó.

Ọ̀nà jíjọ lo àyè yìí ni Amazon, ilé iṣẹ́ tó ń ta ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń lò. Nínú àpótí kan ṣoṣo lórí pẹpẹ wọn, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ìwé ìtàn àti wáyà fóònù lè jọ wà níbẹ̀: òṣìṣẹ́ á ti ọjà sí ibi tó bá gbà á, á fi ẹ̀rọ ọwọ́ ka bákóòdù (àmì onílà tí ẹ̀rọ ń kà) ti ọjà àti ti àpótí, kọ̀ǹpútà á sì máa rántí. Nítorí pé ọjà kan náà wà káàkiri ilé, ọ̀kan nínú wọn sábà máa ń wà nítòsí ẹni tó ń ṣa ọjà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìrìn nìkan lè gba nǹkan bí ìdajì àkókò irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2012, Amazon ra Kiva Systems, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe róbọ́ọ̀tì, ní mílíọ̀nù 775 dọ́là, kí róbọ́ọ̀tì lè máa gbé pẹpẹ wá bá òṣìṣẹ́ níbi tó dúró sí.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbà ni pé àdàlù yìí ń dín àṣìṣe kù. Ẹ to ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ kan náà, M àti L, sínú àpótí kan; bó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, L ni wọn yóò mú fún ẹni tó sanwó M. Bó bá jẹ́ pé ṣẹ́ẹ̀tì kan péré ló wà láàárín ìkòkò àti ìwé, ta ni yóò ṣì í mú?

Mi ò sọ pé kí a da ohun gbogbo pọ̀ o. Oògùn ẹ̀fọn kò gbọdọ̀ sún mọ́ oúnjẹ, ọjà tó ń tà wàràwàrà sì yẹ kó wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ bákóòdù lè kọ àdírẹ́sì sára pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, bíi B-04-2, ìyẹn ìlà B, pẹpẹ kẹrin, ipele kejì, kó sì máa kọ ọ́ sínú ìwé ní gbàrà tí ọjà bá ti dé ibẹ̀, nítorí pé páálí tí a gbé síbì kan láì kọ ọ́ sílẹ̀ ti sọnù sínú ilé nìyẹn.