Àtúnṣe: Kì í ṣe Orco nìkan ni kantíkantí fi ń gbọ́ òórùn

Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ, pé bí a bá ti yọ jíìnì Orco kúrò lára kantíkantí, Drosophila melanogaster, kò ní gbọ́ òórùn kankan mọ́, kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Òótọ́ ni pé àdánù náà pọ̀, nítorí pé èròjà tí Orco ń pèsè ni ó ń gbé àwọn èròjà agbóòórùn tí nǹkan bí 60 jíìnì mìíràn ń pèsè dé ibi tí òórùn ti ń bá wọn. Ṣùgbọ́n jíìnì méjì mìíràn, Gr21a àti Gr63a, ni eṣinṣin yìí fi ń mọ̀ pé carbon dioxide wà nítòsí, wọn kò sì nílò Orco rárá. Ó tilẹ̀ yani lẹ́nu pé ìdílé jíìnì ìtọ́wò ni àwọn méjèèjì ti wá, síbẹ̀ orí ìwo (antenna) eṣinṣin náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ìdílé jíìnì kẹta, yàtọ̀ sí ti Orco àti ti ìtọ́wò, tí wọ́n ṣàwárí ní ọdún 2009, ni ó ń gbọ́ òórùn ọ̀pọ̀ nǹkan kíkan. Ní ti ìtọ́wò tí ẹ fi mọ sí ẹnu, ẹsẹ̀ náà ń tọ́ nǹkan wò: bí omi ṣúgà bá kan ẹsẹ̀ kantíkantí tí ebi ń pa, kíá ni yóò na ẹnu rẹ̀ tó ká sábẹ́ orí jáde.