Ẹ yọ bàbá Marchand kúrò lára ìgò àgbo yín

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lóṣù yìí tí fọ́tò bàbá kúkúrú yẹn máa wọ ẹgbẹ́ ẹbí wa lórí WhatsApp: bàbá arúgbó lórí kẹ̀kẹ́, akoto lórí, ó tẹ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bí ọmọdé tó ń sáré ilé-ìwé bọ̀. Wọ́n wá lẹ ìgò àgbo kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé, “Ohun tí bàbá yìí ń mu tó fi lo ọdún 109 láyé rèé.” Nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀. Kí n tó jí, Màámi Mọ́kọ́lá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ti ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta ìgò méjì.

Ẹ jọ̀wọ́, bàbá yẹn lórúkọ. Robert Marchand ni. Ìlú Amiens, lápá àríwá ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n bí i sí ní 26 Oṣù Kọkànlá 1911, ó sì kú ní 22 Oṣù Karùn-ún 2021. Ọdún 109 kì í ṣe irọ́. Ìgò yẹn ni irọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé mo ń bú àgbo, kó rọra. Àgbo ibà ni wọ́n fi tọ́ èmi náà dàgbà. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n kó gbogbo ìgbésí ayé ọkùnrin kan, wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n dé e lómọrí.

Panápaná ni. Ìlú Paris ló ti ṣe é, kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà èwe ẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló wù ú. Kóòṣì kan wò ó látòkè délẹ̀, ó ní kó yáa fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó ti kéré jù, kò lè dà nǹkan kan nídìí ẹ̀. Mítà 1.52 péré ni gíga rẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn ogun, ó kọjá sí Venezuela, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ó dé Kánádà, ó ń gé gẹdú. Ó padà sílé, ó ń ṣe èyí tó bá rí. Ìgbà tó di ẹni ọdún 68 ló tó tún kó sórí kẹ̀kẹ́.

Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ orí yẹn là ń sọ fún bàbá pé kí wọ́n máa jókòó, kí wọ́n máa sinmi, títí ìjókòó náà á fi di àìsàn sí wọn lára. Ó máa ń bí mi nínú. Marchand wa kẹ̀kẹ́ láti Paris dé Moscow ní 1992, ẹni ọgọ́rin ọdún. Ní Oṣù Kejì 2012, lẹ́yìn tó ti pé 100, ó fi wákàtí kan gun kẹ̀kẹ́ ní ìlú Aigle ní Switzerland, kìlómítà 24.251 ló rìn. Ní 2014 ó tún un ṣe nítòsí Paris: kìlómítà 26.927. Ẹ tún nọ́ńbà méjèèjì wò. Ẹni ọdún 102 sáré ju ìgbà tó wà ní 100 lọ! Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Véronique Billat, ló ṣètò bó ṣe ń wa kẹ̀kẹ́: kìlómítà bí 5,000 lọ́dún, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìyókù jẹ́ àwafipá. Nígbà tí wọ́n wọn ara rẹ̀, agbára tó fi ń lo atẹ́gùn ti fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i láàárín ọdún 101 sí 103. Èwo ni ti ìgò níbẹ̀?

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti 4 Oṣù Kìíní 2017. Bàbá ti pé 105. Ó yí pápá kẹ̀kẹ́ Saint-Quentin-en-Yvelines ní ìgbà tó lé ní 90, àwọn èrò dìde dúró, wọ́n ń kígbe “Robert! Robert!” Kìlómítà 22.547. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé òun ò rí pátákó tí wọ́n fi hàn òun pé ó ku ìṣẹ́jú 10, òun ì bá tún tẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ẹni tó máa bá òun du ú lòun ń retí báyìí.

Gbogbo èyí ni mo tẹ̀ sí Màámi Mọ́kọ́lá lánàá, kí wọ́n má baà náwó. Mo tún fi ohun tí ọ̀rẹ́ bàbá náà sọ kún un: pé kì í mu sìgá, ọtí wáìnì díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èso àti ẹ̀fọ́ dáadáa, ó ń sùn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ń jí ní aago mẹ́fà.

Mo ti fi í ránṣẹ́ tán kí n tó rántí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

Panápaná ni ọkọ wọn. Kò mu sìgá rí. Ní ìdájí ló ń sáré lọ sí pápá ìṣeré, òjò ò dá a dúró, kó tó múra iṣẹ́. Tó bá ti ibi iná dé, kì í wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ló ń jókòó sí, Màámi á gbé garawa omi àti ọṣẹ dúdú bá a níbẹ̀, omi àkọ́kọ́ tó bá ṣàn kúrò lórí ẹ̀ á dúdú bí aró. Àwa ọmọdé á tò, a máa ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ á bẹ̀rẹ̀. Ọdún 57 ló lò láyé. Ní 2022, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé iṣẹ́ panápaná wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Ó ti wà nínú ilẹ̀ tipẹ́ kí n tó ka ìyẹn.

Màámi dá mi lóhùn ní òru. Wọ́n ò sọ̀rọ̀ ìgò mọ́. Wọ́n ní: “Panápaná ni bàbá òyìnbó yẹn náà? Àti eré ìdárayá, àti sísùn lásìkò? Ọmọ mi, kí ló wá pa tèmi?”

Mo ti kọ èsì wọn lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀. Mo ti pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́.