Yìnyín Kò Tíì Yọ́ l'Àgbádárìgì

Ẹ kú ọdún o, ẹ sì kú òtútù. Bí òtútù kò bá tíì mú yín, ẹ kò tíì gba àdúgbò wa l'Àgbádárìgì kọjá ni. Kérésì ti lọ, ọdún tuntun ti wọlé, yìnyín tó bọ́ sórí igi àgbọn àwọn ará òkè òkun tó múlé tì mí ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Òwú ni o. Òwú tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ojú abẹ́rẹ́, òun ni wọ́n já sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ igi àgbọn láti ìdí títí dé ibi tí àkàbà wọn mọ. Kí n má purọ́, ó wù mí. Ọgbọ́n ńlá ni kí oòrùn máa yan ènìyàn lórí, kí ó wọ kóòtù onírun, kí ó dúró sídìí àgbọn, kí ọmọ ọ̀dọ̀ máa yà á ní fọ́tò bó ṣe ń gbọ̀n. Níjọ́ tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà kọ́kọ́ fẹ́, yìnyín fò kọjá ògiri, ó bà sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ìyàwó mi. Ewúrẹ́ kan jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó wúkọ́ mọ́jú. Nígbà tó yá, eruku pa á láró, yìnyín di pupa. Ìyá ilé kò gbà. Wọ́n tú yìnyín sílẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sá a sórí okùn kí oòrùn lè gbẹ ẹ́. Mo fi ojú mi rí i. Wọ́n fi píìnì há a mọ́ okùn kí ó má bàa fò lọ. Ìyá ilé sì nàgà lórí ògiri, ó ké sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, à ń jáde o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fojú sí i, kí òjò má pa á." Kí òjò má pa yìnyín!

Ọ̀rọ̀ náà ì bá má kàn mí, bí kì í bá ṣe ti oówo tó yọ sí mi lábíyá lọ́sẹ̀ Kérésì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún mi tán, mo lọ ra òwú ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn tó wà ní ìkóríta.

"Òwú ti tán, Bàbá. Àwọn tó ti òkè òkun dé ló kó gbogbo ẹ̀."

Mo ní ta ló ṣèṣe nílé wọn? Ọmọbìnrin náà ní, "Wọ́n ní yìnyín ni."

Síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni mo ya, tí mo ká há abíyá, tí mo gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ẹni tó kí mi "ẹ kú ọdún", n kò lè nawọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Jámánì ni àwọn oníyìnyín yìí kọ́kọ́ gbé, wọ́n ṣí lọ sí Spéìn, wọ́n tún kó lọ sí Kánádà, wọ́n sì di ọdún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan mẹ́rù bọ̀ wálé. Ní alẹ́ 5 Dìsẹ́ńbà, wọ́n to bàtà àwọn ọmọ síta, torí Nikolaus tí àwọn ará Jámánì ní ó ń fi súwíìtì sínú bàtà ọmọdé kí ilẹ̀ 6 Dìsẹ́ńbà tó mọ́. L'Àgbádárìgì níbí! Ilẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀lọ́ jókòó sínú ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì ti fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Ní òru ọdún tuntun, tí gbogbo wa wà lórí ìkúnlẹ̀, èso àjàrà 12 ni wọ́n ń gbé mì, ọ̀kan ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí aago bá dún, bí wọ́n ti ń ṣe ní Spéìn. Bó bá di 6 Jánúárì, wọ́n á tún pín ẹ̀bùn, torí ọjọ́ àwọn Ọba Mẹ́ta, àwọn amòye tó wá kí Jésù, ni ọmọ Spéìn ń gba tirẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá tí wọn kò gbé Sweden, níbi tí ọmọbìnrin ti ń dé adé àbẹ́là ní 13 Dìsẹ́ńbà fún ọdún Lucia. Pánápáná ì bá ti mọ ilé wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin ènìyàn yìí. Àwọn tó ni ọdún wọ̀nyí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní London, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Dìsẹ́ńbà, ilẹ̀ ti ń ṣú. Lápá àríwá Sweden, àwọn ibì kan wà tí oòrùn kì í yọ rárá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú oṣù náà. Ẹni tó bá gbé iná rù níbẹ̀, ó nídìí. Igi ìta ti wọ́wé tán, ni wọ́n ṣe ń gbé èyí tí ewé rẹ̀ kì í rẹ̀ wọlé. Ewé wo ló rẹ̀ lára àgbọn tiyín? Òkùnkùn wo lẹ ń lé? Òkùnkùn tiwa wà lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ ọ́fíìsì tó ni ín.

Àbúrò mi wà ní Calgary, ní Kánádà. Kó tó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ṣọ́bìrì ló fi ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ṣubú lórí rẹ̀ rí, ìbàdí rẹ̀ kò tíì bọ̀ sípò. Mo fi fọ́tò igi àgbọn náà ránṣẹ́ sí i. Kò tíì dá mi lóhùn.

Bó bá sì ṣe Kérésì lẹ fẹ́ fi yangàn, ìlú tẹ́ ẹ wà yìí náà ni àwọn àgbà ní wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é nílẹ̀ wa, lábẹ́ igi Agia, ní 1842. Ajíhìnrere Thomas Birch Freeman wà níbẹ̀, ajíhìnrere Henry Townsend náà wà níbẹ̀. Exeter, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí Townsend sí, ó mọ òtútù dunjú. N kò gbọ́ pé ó ránṣẹ́ ra òwú. Igi náà wó ní 1959, ohun ìrántí tí wọ́n mọ síbẹ̀ kò jìnnà sílé yín.

Àwa náà ní òtútù tiwa, ọyẹ́. Ó ń la ètè, ó ń la gìgísẹ̀, ìyá wa á fi òrí pa wá láti orí dé ẹsẹ̀, a ó máa dán. Aṣọ kan náà ni gbogbo ọmọ ilé ń wọ̀. Bàtà á tóbi kó lè dọ́dún tó ń bọ̀, jígí rọ́bà ojú wa kì í sì í jẹ́ ká ríran. Abọ́ ìrẹsì tí a dé, ilé Alájì ló kọ́kọ́ ń lọ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Bí Iléyà bá dé, ẹran àgbò á ti ibẹ̀ wá. Lọ́dún tó kọjá yìí, àwọn ọmọ àdúgbò múra, wọ́n lọ kí àwọn oníyìnyín. Máígaàdì ní wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi. Ó fún wọn ní bísíkíìtì onítalẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ti géètì. Ọmọ tó wọ aṣọ Kérésì, tó rin nínú oòrùn wá kí yín! Ojú ò tì yín? Ẹ gbé Jámánì, ẹ rí i bí wọ́n ti ń ti ṣọ́ọ̀bù ní 25 àti 26 Dìsẹ́ńbà kí kálukú lè jókòó ti ẹbí rẹ̀ ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Ẹ ò gbé ìyẹn wálé. Jẹnẹrétọ̀ yín kò sinmi láti ọjọ́ Kérésì, òtútù nìkan lẹ rí dì sẹ́rù.

Mo gbọ́ pé lọ́dún yìí, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ fóòmù funfun ni wọ́n fẹ́ rà, kí yìnyín lè máa já bọ́ láti òkè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Tiráńsífọ́mà àdúgbò ni ẹ̀rọ náà máa fa iná lára rẹ̀, èyí tí gbogbo ilé dáwó tún ṣe, tó ku tiwọn nìkan. Ìpàdé onílé wa di Sátidé. Èmi ni akápò. Mo ti fi yíǹkì pupa fàlà sábẹ́ orúkọ wọn.