Oko Bàbá Ta Ló Tóbi Jù?

"Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun." Òwe yìí ló wá sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, nígbà tí gómìnà méjì dojú kọ ara wọn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà. Gavin Newsom ti California, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, wà lápá kan. Ron DeSantis ti Florida, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, wà lápá kejì. Alpharetta ní ìpínlẹ̀ Georgia ni wọ́n ti pàdé, ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tó gbé wọn débẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: nínú ìpínlẹ̀ pupa, ìyẹn ti Republican, àti ìpínlẹ̀ búlúù, ti Democrat, èwo ni ìjọba rẹ̀ dára jù?

Ìjà ń gbóná lọ, ni DeSantis bá fa bébà kan yọ, ó gbé e sókè sí kámẹ́rà. Máàpù ìlú San Francisco ní California ni, àmì aláwọ̀ ilẹ̀ sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ó ní ibi tí wọ́n ti rí ìgbẹ́ ènìyàn nígboro ni àmì wọ̀nyẹn. Newsom náà ò gbà. Ó ní ẹrù owó orí tó wà lórí tálákà Florida wúwo ju ti California lọ. Mo wò ó títí, ẹ̀rín pa mí. Àgbà ọkùnrin méjì, pẹ̀lú kóòtù àti táì, ọ̀kan ń ka ìgbẹ́ inú oko ẹnìkejì.

Ẹ jẹ́ ká tú òwe náà wò dáadáa, torí a máa ń fi bú ènìyàn ju bó ti yẹ lọ. Kò sọ pé oko bàbá ọmọ yẹn kéré. Ó lè jẹ́ pé òun gan-an ló tóbi jù lágbègbè náà. Kò sì bá ọmọ wí pé ó fẹ́ràn oko bàbá rẹ̀. Bí ọmọ kò bá fẹ́ràn oko bàbá rẹ̀, ta ni yóò bá a roko ọ̀hún? Ẹsẹ̀ tí kò kúrò lójú kan ni òwe ń bá wí. Ṣùgbọ́n ọmọ kan tún wà tí òwe ò mẹ́nu bà: èyí tó lọ lóòótọ́, àmọ́ tó jẹ́ pé èpò nìkan ló lọ kà. Irú ọmọ yìí ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ òṣèlú Amẹ́ríkà lónìí.

Pupa àti búlúù yìí pàápàá, ọmọ àná ni. Kó tó di ọdún 2000, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kálukú ń kun máàpù ìbò ní àwọ̀ tó bá wù ú. Ìbò ààrẹ ọdún náà, láàárín Bush ti Republican àti Gore ti Democrat, ló fa wàhálà: kíka ìbò Florida gùn kọjá oṣù kan, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé máàpù kan náà síta, àwọ̀ bá mọ́ àwọn ẹgbẹ́ lára bí ilà ojú. Ẹni tó bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi búra báyìí á rò pé ìṣẹ̀ṣe ni.

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ tó tẹ̀lé e, mo kúrò ní Maryland níbi tí mò ń gbé, mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Houston. Wọ́n ti fi oyin àti iyọ̀ kan ọmọ lẹ́nu tán, jọ̀lọ́ọ̀fù ti dé, ẹran ewúrẹ́ ti ń lọ. Bàbá àgbà ọmọ náà, tó ti lò ju ogún ọdún lọ ní Texas, kọjú sí àbúrò kan tó ti Oakland ní California wá.

"Àbúrò, mélòó ni ìjọba ìpínlẹ̀ yín ń yọ nínú owó oṣù rẹ? Tiwa níbí, wọn kì í yọ kọ́bọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n jẹun ná."

"Jẹun! Ṣebí owó tí wọn ò yọ la fi se é."

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù, lọ́dún 2019 ni wọ́n tún dìbò kọ ọ́ sínú òfin ìpínlẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ gbà á. Ní California, ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù lè san 13.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀gbọ́n ti ń na ìka sókè láti tún sọ òmíràn, ni ìyàwó rẹ̀ bá ju ohùn láti kíṣìnnì: "Dádì, ìwé tó wà lára fíríìjì ńkọ́?" Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n bu omi mu.

Ìwé owó orí ilé ni. Ẹni tó bá nílé ní Texas gbọ́dọ̀ san án kí oṣù Ṣẹẹrẹ tó parí, kì í sì í ṣe owó kékeré. Ilé ẹ̀kọ́ ń jẹ níbẹ̀, ọ̀nà ń jẹ níbẹ̀, ọlọ́pàá ń jẹ níbẹ̀. California yí tiwọn padà: lọ́dún 1978 àwọn olùdìbò fi okùn de owó orí ilé, kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye tí o ra ilé lọ, kò sì gbọdọ̀ fi bẹ́ẹ̀ lékún títí o ó fi tà á. Ibi tí ọ̀kan ti ń bù ú ni èkejì ti fọwọ́ dé e. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bí o ò bá sanwó lọ́dọ̀ aláta, wàá san án lọ́dọ̀ ẹlẹ́ran. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún ọ pé ìpínlẹ̀ òun ò gba owó orí, bi í pé ara fíríìjì ńkọ́.

Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú àríyànjiyàn yìí ni pé kò sẹ́ni tó ń bèèrè oko tí kálukú jogún. Ẹ jẹ́ ká mú un dé oko kòkó. Ọkùnrin kan wà tí bàbá bàbá rẹ̀ ti gbin kòkó sílẹ̀, igi náà ti gbó, ó ń so. Òmíràn gba egàn lónìí, ó ń ṣán igbó, kò sì lè rí èso gidi kí ọdún mélòó kan tó kọjá. Bí ẹ bá lọ dúró sídìí òṣùwọ̀n kí ẹ máa ka àpò, ẹni tó jogún ló máa gba ipò kìíní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún mẹ́ta kò tíì gé àfòmọ́ kúrò lórí igi kan. Ṣé òun wá ni àgbẹ̀ tó dára jù?

Texas ní epo rọ̀bì, láti ìgbà tí kànga epo Spindletop ti tú jáde lọ́dún 1901. California ní góòlù, ó ní etíkun, ó wá ní àwọn ọlọ́pọlọ kọ̀ǹpútà. Mississippi ní tirẹ̀, oko òwú tí wọ́n fi ẹrú dá ló jogún, àti òṣì tó tẹ̀lé e. Ní ọdún 2021, ọjọ́ orí tí ìjọba àpapọ̀ ṣírò pé ọmọ tuntun á lò ní Mississippi kò pé 71. Ti Hawaii sún mọ́ 80. Ìdí nìyẹn tí àwọn Democrat fi fẹ́ràn láti máa na ìka sí Mississippi: ìpínlẹ̀ pupa, ẹ wò ó bó ṣe rí. Ẹni tó ń ka àpò nídìí òṣùwọ̀n ni wọ́n.

Torí ẹ wo ohun tí Mississippi fi oko burúkú yẹn ṣe. Lọ́dún 2013, lábẹ́ Gómìnà Phil Bryant, Republican, wọ́n ṣòfin ìwé kíkà. Wọ́n dá àwọn olùkọ́ padà sídìí lẹ́tà àti ìró rẹ̀, bí àwọn olùkọ́ àtijọ́ ṣe kọ́ wa ní a, b, d. Wọ́n rán àwọn amọ̀nà lọ sáwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń rẹ̀yìn láti jókòó ti olùkọ́ nínú kíláàsì. Ọmọ tó bá sì parí kíláàsì kẹta tí kò lè kàwé, wọn ò jẹ́ kó kọjá. Lọ́dún tí wọ́n ṣòfin yẹn, ipò 49 ni àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin wọn wà nínú ìdánwò ìwé kíkà gbogbo Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2024, wọ́n wà ní ipò 9, California olówó sì wà lẹ́yìn wọn. (Àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ ò tíì bá ẹgbẹ́ lọ́hùn-ún o, kí n má parọ́.) Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ nìyẹn: láti ibo lo ti gbà á, ibo lo gbé e dé?

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Lójú ọ̀nà, Texas dùn ún wò. Ilé pọ̀, iṣẹ́ pọ̀, lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún 2020 wọ́n fi ìjókòó méjì kún tiwọn nílé aṣòfin Washington, California sì pàdánù ọ̀kan, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ sí i rí. Àmọ́ inú alángbá yìí ti ń run tipẹ́. Texas dá wáyà iná mànàmáná tirẹ̀ yà kúrò lára ti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, kí ìjọba àpapọ̀ má bàa máa pàṣẹ fún un. Lọ́dún 2011, òtútù mú àwọn ẹ̀rọ iná wọn, ìjọba àpapọ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n fi aṣọ wé wọn fún ọjọ́ iwájú. Wọn ò ṣe é tó. Oṣù Kejì ọdún 2021, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, iná lọ nílé tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ, páìpù ń bẹ́ nínú ògiri. Àwọn tó ń bójú tó wáyà náà fẹnu ara wọn sọ pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá 37 kí gbogbo rẹ̀ dákú pátápátá. Ènìyàn 246 ni ìjọba Texas fúnra rẹ̀ kà pé ó kú. El Paso ńkọ́? Texas náà ni, àmọ́ ìpẹ̀kun ìwọ̀ oòrùn ló wà, ara wáyà mìíràn ló so mọ́. Iná wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lọ.

Inú alángbá California náà ń run, ilé gbígbé ni àìsàn rẹ̀. Lọ́dún 2023, ó ju 180,000 ènìyàn lọ tí kò rílé gbé níbẹ̀. Wọn ò ní àìní owó, wọn ò sì ní àìní àánú lẹ́nu. Ìwé àṣẹ ni wọ́n ní jù: ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, aládùúgbò lè fi òfin àyíká gbé e lọ sílé ẹjọ́ títí owó á fi tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sì gbọ́ èyí: Ronald Reagan, Republican ponbele, tó jẹ́ gómìnà California nígbà náà, ló buwọ́ lu òfin ọ̀hún lọ́dún 1970. Ó di ọdún 2025 kí Newsom àti àwọn aṣòfin Democrat tó gé ẹ̀ka rẹ̀ tó ń dí ilé lọ́wọ́.

Láti ìbò ọdún 1994, kò sí Democrat kankan tó tún wọlé sípò tí gbogbo Texas jọ ń dìbò sí. Láti ti ọdún 2006, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún Republican ní California. Nígbà tí bàbá bá mọ̀ pé kò sí ọmọ tó lè kọ oko òun sílẹ̀, ta ni yóò rán an létí àfòmọ́? Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Kansas nìyí ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Lọ́dún 2012, Gómìnà Sam Brownback gé owó orí wálẹ̀ kanlẹ̀, ó ní ọrọ̀ ajé á gbérí bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ agbára. Àpò ìjọba gbẹ. Lọ́dún 2017, àwọn aṣòfin Republican, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n pọ̀ jù nílé, pa pọ̀ mọ́ Democrat, wọ́n dá owó orí padà. Ó kọ̀ láti buwọ́ lù ú, wọ́n fi ìbò borí rẹ̀. Ọmọ tó dìde nínú ilé, tó ní "Bàbá, oko yìí ò dáa mọ́," ìyẹn le ju kéèyàn lọ bú oko aládùúgbò lọ.

Massachusetts náà wà níbẹ̀: lọ́dún 2006 gómìnà Republican, Mitt Romney, jókòó pẹ̀lú àwọn aṣòfin Democrat, wọ́n ṣètò ìnṣọ́ránsì ìlera. Lónìí àwọn tí kò ní in níbẹ̀ kò pé mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Texas, tí kò gba bí ìjọba àpapọ̀ ṣe fẹ ètò Medicaid, ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba fún tálákà, bí ènìyàn mẹ́fà bá jókòó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnìkan nínú wọn ni kò ní.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn obìnrin ti ń di oúnjẹ sínú kúlà fún àwọn tó ń lọ, mo rí àbúrò tó ti Oakland wá tó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n wọ kíṣìnnì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Èló ni ilé oníyàrá mẹ́rin ń lọ ládùúgbò yín yìí?"

Mo rò pé ẹ̀gbọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yọ ìwé yẹn kúrò lára fíríìjì, ó nu epo tó ta sí i, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Kọ́kọ́ ka èyí ná," ló wí. "Fa àga, jókòó. Bí o bá kà á tán, kí ìwọ náà sọ bí ẹ ṣe ń rí dókítà lọ́hùn-ún fún mi. Àbúrò ìyàwó mi kan wà níbí tí kò ní ìnṣọ́ránsì láti ọdún tó kọjá."