“Ọmọ yẹn ò ní í dìde mọ́”: ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Tí wọ́n bá ti ní ọpọlọ ọmọ wú, kò rìn mọ́, kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́, ohun tó ń jáde lẹ́nu èèyàn ni pé ó ti tán nìyẹn, bó bá tiẹ̀ yè, arọ ni yóò dà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa. Fún àìsàn tí mo fẹ́ sọ yìí, irọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà.

ADEM ni àwọn dókítà ń pè é. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 ló máa ń mú jù. Ọmọ á ti ṣe ibà tàbí ikọ́ ní bí ọ̀sẹ̀ 2 sẹ́yìn, ara rẹ̀ á ti yá, á ti padà sídìí eré. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá ihò bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀, ọwọ́ kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó fi di ọ̀sán, wọ́n jí i, ó lajú, ó tún sùn lọ. Gìrì lè tẹ̀ lé e.

Inú àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ọpọlọ ń gbà ránṣẹ́ sí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹnu. Ọ̀rá kan tó ń jẹ́ myelin ló bo àwọn okùn yìí, bí rọ́bà ṣe ń bo wáyà iná. Kòkòrò àrùn wọlé, àwọn ọmọ ogun ara jáde lọ bá a jà. Ogun parí tán, wọn ò lọ sílé, wọ́n kọjú sí myelin. Ibẹ̀ á wú, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán kò ní í dé ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n rọ́bà ló bó. Wáyà fúnra rẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀, bí wíwú náà bá sì rọlẹ̀, ara lè tún un bò.

Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú kíákíá fi ṣe pàtàkì: sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára, ìyẹn oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, gba ojú iṣan fún ọjọ́ 3 sí 5, lẹ́yìn náà oníkóró, tí wọ́n á máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan máa ń dé yàrá ìtọ́jú àkànṣe, díẹ̀ sì ń kú, mi ò ní í purọ́. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń tún rìn, láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í padà wá bá mọ́.

Àwọn mìíràn á sọ pé MS náà ni, ìyẹn àìsàn mìíràn tó ń ba myelin jẹ́ léraléra. Rárá o. Nínú ADEM, orí ọmọ gbọ́dọ̀ dàrú tàbí kí ó máa sùn ṣáá. Lórí fọ́tò MRI, ìyẹn fọ́tò inú ọpọlọ, àpá funfun ńláńlá tí etí wọn kò hàn dáadáa ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ti MS sábà máa ń kéré, etí rẹ̀ á sì mú. Ọmọ tí MS bá tiẹ̀ mú ń tètè bọ́ nínú ìkọlù kọ̀ọ̀kan ju àgbàlagbà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkọlù tirẹ̀ máa ń ṣe lemọ́lemọ́ jù.

Ohun tó wá ń bí mi nínú ni ti àwọn tó ń sá láti òpin kan lọ sí èkejì. Ọmọ ti ń sáré, wọ́n ní ó ti parí. Ó padà síléèwé, ó ń ka ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, inú ń tètè bí i, ohun tí wọ́n kọ́ ọ lánàá ti fò lọ. Olùkọ́ ní ọ̀lẹ ni. Ẹsẹ̀ lè yá pátápátá kí àfiyèsí àti ìyára ọpọlọ ṣì máa wọ́ lẹ́yìn, ó sì jọ pé àwọn tó mú láti kékeré gan-an ló ń kàn jù. MRI lè mọ́ nígbà náà. Ẹ ṣáà ní kí wọ́n yẹ bó ṣe ń ronú àti bó ṣe ń rántí nǹkan wò, kí ẹ sì mú èsì náà lọ fún olùkọ́ rẹ̀.