Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ: Òfin Ìwà fún Olùkọ́ Tó Ń Kọ́ Àgbà

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni òwe yìí ti ń hàn gbangba: olùkọ́ lè má tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ìyá tó ń kọ́ "a, b, d" lọ́dọ̀ rẹ̀ sì ti ní ọmọ-ọmọ. Láti 1990 ni Nàìjíríà ti ní àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ṣùgbọ́n òfin tí yóò dáàbò bo ìyá yìí, inú kíláàsì ni a ti ń ṣe é. Ẹ má ṣe da ti tíṣà ọmọ iléèwé kọ. Pàṣán kọ́ ló ń lé àgbà sá níléèwé, ẹ̀sín ni.

Àṣírí ló le jù. Lẹ́tà ọmọ tó wà lókè òkun, èsì àyẹ̀wò ọsibítù, ìwé ilẹ̀: gbogbo rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé wá pé "bá mi kà á." Kọ̀rọ̀ ni kí olùkọ́ ti kà á. Kó má gba nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báńkì ẹnikẹ́ni, torí ọjọ́ tí owó bá dín, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ fura sí, olóòótọ́ ì báà jẹ́. Bí àgbà bá fẹ́ tẹ̀ka sí ìwé, kí a ka gbogbo rẹ̀ fún un lójú ẹni tí òun fúnra rẹ̀ yàn.

Kí olùkọ́ ra ọjà àwìn lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ńkọ́? Rárá. Ta ni yóò sin ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ rẹ̀ ní gbèsè?

Láti kọ òfin náà, ẹ pe olùkọ́ méjì àti akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún jókòó. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ti dun ẹnìkan rí ní kíláàsì, láìdárúkọ. Inú ìdáhùn wọn ni òfin wà, kó má ju mẹ́wàá lọ, kó sì jẹ́ ohun tí ojú ń rí. "Bọ̀wọ̀ fún àgbà" kò ṣeé dì mú. "Bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè bí ó ṣe fẹ́ kí a pe òun, Ìyá Bọ̀sẹ̀ ni o, Àlàájì ni o" ṣeé dì mú. Yorùbá ni kí ẹ fi kọ ọ́, kí ẹ kà á sókè títí wọn yóò fi lè sọ ọ́ lórí.

Ẹ̀sùn ni ọ̀pọ̀ òfin bẹ́ẹ̀ kì í rántí. Bí olùkọ́ bá ṣẹ̀, tó sì jẹ́ òun náà ni a ó fẹjọ́ sùn, ẹjọ́ ti kú nìyẹn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ yan obìnrin kan àti ọkùnrin kan láàárín ara wọn tí yóò máa gba ẹ̀sùn.

Tí wọ́n bá ti ń kàwé, òfin yẹn gan-an ni kí ẹ fi ṣe ìwé kíkà wọn. Ọjọ́ náà ni ẹni tó dákẹ́ níbẹ̀rẹ̀ yóò fi ìka lé ìlà kan pé, "Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn." Ẹ tún un kọ.